Ṣé Sítọ́ọ̀pù Ló Ń Sọ Ikùn Di Pẹlẹbẹ?

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fonọ́lọ́jì, kì í sì í ṣe ti síńtáàsì, ṣùgbọ́n ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ikùn ni.

Bí a ṣe ń múra ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀kan lára ohun tí ìgbìmọ̀ gbé síwájú wa ni ìdíje ikùn pẹlẹbẹ. Ètò náà ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ kópa wá wọn ikùn rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó máa ṣe sítọ́ọ̀pù 100 lójúmọ́, kó tún wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá wọlé jù lọ ni yóò gba ẹ̀bùn. Mo mọ̀ pé èrò rere ló wà nídìí ẹ̀. A ti jókòó jù. Láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dé ilé ìkàwé, láti ilé ìkàwé dé orí bẹ́ẹ̀dì, ìjókòó àti ìdùbúlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ìdíje yẹn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó lọ tẹ ìwé ìkéde.

Kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Eré ìdárayá ikùn dára. Ó ń fún iṣan ikùn lágbára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń mú ọ̀rá kúrò lórí ikùn. Ẹni tó bá ń ṣe é nítorí agbára yóò rí agbára. Ẹni tó bá ń ṣe é kí ọ̀rá ibẹ̀ lè lọ, tí kò sì yí nǹkan mìíràn padà, yóò ṣe é títí, ọ̀rá á ṣì wà níbi tó wà. Ìdíje tó bá wá so ẹ̀bùn mọ́ èyí kejì, irọ́ ló ń kọ́ wa. Owó wa àti ìlera wa la ó sì fi san gbèsè irọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń kọ́ nípa èdè, torí mo rò pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu àwọn tó ń polówó lórí fóònù wa, gbólóhùn kan ló gbòde: "Eré yìí ń jó ọ̀rá ikùn." Ẹ wo bó ṣe tò. Eré yìí ni olùwà, jó ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rá ikùn ni àbọ̀. Bí a bá ti gbọ́ ọ báyìí, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni iná tí a dá sábẹ́ ìkòkò. Ibi tí iná wà ni ooru ń dé. Nígbà tí a bá ṣe sítọ́ọ̀pù, ikùn ló ń ta wá, a wá gbà pé ọ̀rá ikùn ló ń jó. Gírámà gbólóhùn yẹn pé, kò sí ẹni tó máa yọ máàkì kúrò níbẹ̀. Òótọ́ inú rẹ̀ ni kò pé.

Ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ní sàn jù ú lọ. Ìdárayá. Ẹ tú u palẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ì-, lẹ́yìn náà dá, ara, yá. Ohun tó ń dá ara yá. Kò sí ikùn níbẹ̀, kò sí pẹlẹbẹ níbẹ̀. Ara ló wà níbẹ̀, odindi ara. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kiri kò jìnnà sí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti sọ fún wa.

Kí ló wà nínú ohun tí à ń pè ní ikùn gan-an? Awọ ló wà lókè. Lábẹ́ awọ ni ọ̀rá kan wà, èyí tí èèyàn lè fi ìka méjì mú. Lábẹ́ ọ̀rá yẹn ni iṣan wà. Ọ̀kan gùn láti egungun ìhà lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, òun ló máa ń pín sí kélekèle lára àwọn tó ní síkísì-páàkì. Àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ọ̀kan tún wà nínú lọ́hùn-ún tó yí ikùn po bí ìgbànú. Lẹ́yìn iṣan la tó kan ẹ̀dọ̀ àti ìfun, àti ọ̀rá mìíràn tó wà láàárín wọn. Ọ̀rá inú yìí kò ṣeé fi ìka mú, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù jù, torí òun ló so mọ́ ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ju ti abẹ́ awọ lọ. Yorùbá ní ikùn, ó sì tún ní inú. Ikùn ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n inú ni ọ̀rọ̀ wà.

Iṣan ni sítọ́ọ̀pù ń bá ṣiṣẹ́, iṣan tó wà lábẹ́ ọ̀rá. Èèyàn lè ní iṣan ikùn tó le bí igi, kí ọ̀rá sì bò ó mọ́lẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Báwo wá ni ọ̀rá ṣe ń kúrò? Bí ara bá nílò agbára ju èyí tí oúnjẹ mú wá lọ, họ́mọ̀nù máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú ọ̀rá káàkiri ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí á tú ọ̀rá sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ fún iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Iṣan ikùn kì í nawọ́ bu ọ̀rá tó wà lókè orí rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ sì lè ti ìdí wá, ó lè ti itan wá, ó lè ti ẹ̀yìn apá wá. Ẹ wo àgbá omi tó wà lẹ́yìn ilé ìgbé wa. Igun yòówù tí èèyàn bá ti bu omi, gbogbo omi inú àgbá ló ń lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bu ti apá ọ̀tún tán kó ku ti apá òsì.

Ibi tí ọ̀rá máa kó sí àti ibi tó máa kọ́kọ́ kúrò, àwa kọ́ ló ń yàn án. Ohun tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, ọjọ́ orí wa, àti bóyá a jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i. Ọkùnrin sábà máa ń kó ọ̀rá sí ikùn. Obìnrin sábà máa ń kó o sí ìdí àti itan, títí nǹkan oṣù á fi dáwọ́ dúró, tí ti ikùn á wá máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí èèyàn méjì inú yàrá kan ṣoṣo fi lè jọ máa jẹun nínú abọ́ kan, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan máa tóbi, kí ikùn èkejì máa yọ.

Ẹ lè ní, "Ta ló wọ̀n ọ́n?" Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1984, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n kó ọkùnrin 13 jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe sítọ́ọ̀pù fún ọjọ́ 27. Àpapọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ 5,004, ìyẹn bíi 185 lójúmọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n parí, wọ́n fa ọ̀rá díẹ̀ jáde lára wọn, níkùn, lẹ́yìn àti nídìí, láti wo bí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ibẹ̀ ṣe tóbi tó. Ìyípadà tó bá ti ikùn kò ju èyí tó bá ti ẹ̀yìn àti ti ìdí lọ. Ikùn tó ṣe làálàá fún ọjọ́ 27 kò rí èrè ju ìdí tó jókòó lọ. Ìdíje tiwa, sítọ́ọ̀pù 1,400 ni gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe.

Lọ́dún 2011, ìwádìí mìíràn tún jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 24, ọkùnrin 14 àti obìnrin 10. Àwọn kan nínú wọn ṣe oríṣi eré ikùn méje, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn yòókù kò ṣe é. Oúnjẹ wọn kò sì yí padà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n tán, ọ̀rá ikùn àwọn tó ṣe eré náà kò dín ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Ikùn kò fà wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: àwọn tó ṣe é lè ṣe sítọ́ọ̀pù púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó rẹ̀ wọ́n. Iṣan wọn ti lágbára sí i. Ohun tí wọ́n kọ́ iṣan náà ló mọ̀.

Mi ò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ kí tèmi lè borí. Ìwádìí kékeré kan jáde lọ́dún 2023 lára àwọn ọkùnrin tó sanra jù. Gbogbo wọn ló ń sáré lórí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn tó fi eré ikùn tí kì í tètè tán kún eré sísá tiwọn pàdánù ọ̀rá àárín ara díẹ̀ ju àwọn tó sáré nìkan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà sítọ́ọ̀pù lè di èyí mú. Ṣùgbọ́n kó rántí gbólóhùn kẹta tí mo sọ: gbogbo wọn ló sáré. Kì í ṣe sítọ́ọ̀pù 100 lórí ẹní lálẹ́ kí èèyàn tó sùn ni wọ́n dán wò. Èèyàn wọn kò sì pọ̀. Ìwádìí kan ò tíì tó láti fi gba ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan máa sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi ṣe é, ikùn rẹ̀ sì wọlé." Mo gbà. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yẹn léèrè ohun mìíràn tó ṣe nígbà náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sítọ́ọ̀pù náà ló jáwọ́ nínú búrẹ́dì òru àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì. Sítọ́ọ̀pù ni gbogbo wa rí, torí ó ń mí gúlegúle lórí ẹní lójú wa. Búrẹ́dì tí kò jẹ mọ́, kò sẹ́ni tó rí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá ló wà níkùn tẹ́lẹ̀. Inú tó wú, ìgbẹ́ tí kò lọ déédéé, tàbí ẹ̀yìn tó tẹ̀ síwájú nítorí ìjókòó, gbogbo rẹ̀ ló lè mú ikùn yọ síta. Bí iṣan bá le tí èèyàn sì ń nàró dáadáa, ikùn lè dà bí ẹni pé ó wọlé láìjẹ́ pé ọ̀rá kankan kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹni tó wọn 70 kìlò, tó ṣe sítọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsinmi, agbára tó lò kò ju bíi kálórì 45 lọ. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan tí ṣúgà rẹ̀ pé máa ń ní tó kálórì 200. Ìyẹn ni pé ó máa tó ìṣẹ́jú 45 sítọ́ọ̀pù kí ìgò kan ṣoṣo tó tán nílẹ̀. Ta ló lè ṣe sítọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú 45? Ẹni tó bá lè ṣe é, kó wá kọ́ mi. Àwa yòókù, ó máa rọ̀ wá lọ́rùn ká fi ìgò náà sílẹ̀ ká mu omi.

Kí ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà? Kò sí àrà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé polówó. Ká jẹun ní ìwọ̀n tí ara nílò, ká dín ṣúgà àti ohun díndín kù, ká fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún un. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bá àmàlà jà. Òkèlè mẹ́rin tó kẹ́yìn, èyí tí a gbé mì nígbà tí a ti yó, la lè bá sọ̀rọ̀. Ká máa rìn, ká máa sáré, ká máa gun àtẹ̀gùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń mú èèmí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Bí a bá pín 150 sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́. Kò ju ká fi kẹ̀kẹ́ Márúwá sílẹ̀ ká rìn láti ẹnu géètì dé ilé ìgbé. Ká sì máa sùn. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ lọ́dún àṣekágbá máa fi mí rẹ́rìn-ín lórí ti oorun, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn dáadáa, ebi máa ń pa á ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀fọ́ ló máa ń wù ú jẹ láago méjì òru.

Sítọ́ọ̀pù náà ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Iṣan ikùn tó lágbára ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́. Òun la fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè àjà kẹta nígbà tí omi ò bá yọ. Bí ọ̀rá bá sì ti ń dín kù láti ara oúnjẹ àti ìrìn, iṣan tí a ti kọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló máa hàn, òun ló máa jẹ́ kí ikùn le dípò kó rọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn lè fi pílánkì rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ká na ara gbọọrọ lórí ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ká sì dúró bẹ́ẹ̀. Kì í tẹ ẹ̀yìn bí sítọ́ọ̀pù ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí nìyí. Ìdíje tó ń fún ẹni tí ikùn rẹ̀ bá kéré jù lọ́jọ́ 14 ní ẹ̀bùn, kò bèèrè ọ̀nà tó gbà kéré. Gbogbo wa sì mọ àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀. Tíì wà tí wọ́n ń tà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbé, tí wọ́n ní ó ń fọ ikùn. Ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, ewé sẹ́nà ló wà nínú ẹ̀, mọ̀lẹ́bí ewé àsùnwọ̀n tí àwọn ìyá wa fi ń ṣan inú. Ó ń mú èèyàn yàgbẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ló ń jáde, ọ̀rá kò jáde níbẹ̀. Òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, inú onítọ̀hún á dùn, tó bá ti mu omi á tún padà sókè. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ lè pàdánù omi àti iyọ̀ ara débi tí ọkàn rẹ̀ kò ní lù déédéé mọ́. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń fún ikùn mọ́ra náà ńkọ́? Ó ń ti ọ̀rá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìgbà tó bá fi wà lára ni. Bí a bá tú u, ikùn á padà sílé. Kò yàtọ̀ sí ìgbà tí a bá fi ọwọ́ tẹ tìmùtìmù. Mo ti rí ẹni tó wọ̀ ọ́ wá síbi ìdánwò tí kò lè mí kanlẹ̀. Èyí tó burú jù ni ebi. Ẹni tí kò jẹun láàárọ̀ àti lọ́sàn-án nítorí ìdíje, ṣé òun la fẹ́ kó wá jókòó ti ìwé síńtáàsì lálẹ́?

Ó tún ku ikùn tí kì í ṣe ti ọ̀rá rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lẹ́yìn tó parí àgùnbánirọ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kó dín gàrí kù. Wọ́n ní kó máa ṣe sítọ́ọ̀pù, ó sì ń ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún bí oṣù méje. Apá rẹ̀ ń tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ ń yọ egungun, ikùn ń ga sí i. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń wá púpọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn. Ọ̀rá ni gbogbo wọn ń wò. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, fáíbírọ́ìdì ni, ìyẹn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ sì ti le báyìí. Ìṣòro ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Oṣù méje ló fi ṣe làálàá lórí ìmọ̀ràn tí kò bá àìsàn rẹ̀ mu.

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà láàárín wa náà wà níbẹ̀, wọ́n sì wà, a kàn kì í sábà rí wọn ni. Nígbà oyún, iṣan méjèèjì tó wà níwájú ikùn máa ń yà kúrò lára ara wọn. Lára àwọn mìíràn, kì í tètè padà pọ̀. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sítọ́ọ̀pù wàrà-wàrà, ó lè máa ti ikùn síta sí i dípò kó wọlé. Ó yẹ kí onímọ̀ ìtọ́jú iṣan kọ́kọ́ wò ó, kó sì fi èyí tó yẹ kó ṣe hàn án. Gbàjá tí àwọn ìyá wa fi ń di ikùn lẹ́yìn ìbímọ lè gbé e ró, ara a sì tù ú, ṣùgbọ́n òun náà kì í yọ́ ọ̀rá. Ẹnikẹ́ni tí ikùn rẹ̀ bá ṣàdédé ń tóbi, tó le, tó ń dùn, tàbí tí ìdodo rẹ̀ ń yọ síta, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ. Ẹní lè dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló kù. Èdè wa mọ ikùn dunjú. Ó ní róbótó, ó ní ròbòtò. Ohùn òkè fún èyí tó kéré, ohùn ìsàlẹ̀ fún èyí tó tóbi. Mo fẹ́ràn bí èdè ṣe ń fi ohùn ya àwòrán báyìí, mo sì lè sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ di ọ̀la. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ nínú kíláàsì wa tí a sọ ọ́ di orúkọ èèyàn, tí ẹni náà ń rẹ́rìn-ín mọ́ wa, tí kò sì bá wa lọ jẹun mọ́ láti ọjọ́ náà. Láyé àtijọ́, wọ́n á rí ikùn ńlá wọ́n á ní olówó ni. Lónìí a rí i, a ní ọ̀lẹ ni. Nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ikùn. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí a bá wá mú téèpù jáde níwájú gbogbo ẹ̀ka, tí a ń ké nọ́ńbà ikùn èèyàn síta bí ẹni ń ta aṣọ, ta ni a rò pé ó máa jáde wá? Àwọn tí ikùn wọn ti pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn tí eré ìdárayá ì bá ṣe láǹfààní jù á ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun wà lè wọn ara rẹ̀ ní yàrá. Àwọn aláṣẹ ìtọ́jú ìlera ní Ìlú Ọba fi ìlànà kan síta lọ́dún 2022 tó rọrùn láti rántí: kí àyíká ikùn má ṣe tó ìdajì gíga ẹni. Ẹni tó ga ní 170 sẹ̀ǹtímítà, kí ikùn rẹ̀ má tó 85. Téèpù télọ̀ kan ti tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìkìlọ̀ ni, pé kí èèyàn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n má fagi lé eré ìdárayá, kí wọ́n kàn yí ohun tí à ń wọ̀n padà. Ẹ jẹ́ ká máa pàdé níwájú ẹ̀ka wa láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ká rìn dé ẹnu géètì ká sì padà. Tí a bá dé, ká ṣe pílánkì àti sítọ́ọ̀pù díẹ̀, kí oníkálukú kọ iye ìṣẹ́jú tó fi dúró sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fún ẹni tó wá jù lọ ní ẹ̀bùn, ẹ sì fún ẹni tí agbára rẹ̀ fi lọ sókè jù lọ ní òmíràn. Méjèèjì ló wà lọ́wọ́ wa láti ṣe. Ẹni tó sanra lè gbà á, ẹni tó tín-ín-rín lè gbà á, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè rìn níwọ̀nba tirẹ̀ kó gbà á. Kò sẹ́ni tó máa mu tíì kó tó lè borí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ máa ń bèèrè ohun tí ẹ lè fi ran ẹ̀ka lọ́wọ́, ẹ ra ẹ̀bùn náà. Bàtà tó ṣeé fi rìn ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo ti sọ tèmi. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn yìí, ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ Ajé. Àmàlà kò ní dí mi lọ́wọ́. Bí a bá dé ni mo máa jẹ ẹ́.